Ìyẹ̀fun Pupa àti Ọ̀nà Oko

Tẹ́lẹ̀, láràárọ̀, èmi àti ìyàwó mi máa ń fẹsẹ̀ rìn láti Ifangni, nílẹ̀ Benin, lọ sí oko wa lọ́nà Lagbé. Ojú ọ̀nà yẹn la ti ń sọ ọ̀rọ̀ tí a kì í sọ nílé. Nígbà tí ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí, mo ra agolo ìyẹ̀fun pupa kan tí wọ́n ń pò mu bí oògùn lọ́jà ẹnubodè. Èmi tí mo kàwé dé yunifásítì láyé ọjọ́un ni mo ka ohun tí wọ́n kọ sára agolo náà fún ìyàwó mi: ó dára fún “la circulation” lédè Faransé, ó ń mú ẹ̀jẹ̀ ṣàn.

Ó bú sẹ́rìn-ín. “Bàbá àwọn ọmọ, ṣebí ohun tí àwọn Faransé ń pe lílọ-bíbọ̀ ọkọ̀ lójú títì nìyẹn? Ẹ dìde ká lọ, kí ẹ̀jẹ̀ yín má bàa há sọ́nà!”

Mo ní kó máa lọ ná, kí ìyẹ̀fun kọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Láti ọjọ́ náà, òun nìkan ló ń lọ oko, èmi ń jókòó sílé. Ojú mi máa ń gbóná tí mo bá mu ún, mo sì rò pé agbára ti dé. Ṣùgbọ́n ìrora ẹsẹ̀ mi kò dín kù.

Nígbà tí dókítà kan yóò fi sọ fún mi pé ìrìn gan-an ni ẹsẹ̀ mi ń fẹ́, orúnkún ìyàwó mi ti kọ ọ̀nà oko. Èmi nìkan ni mò ń rìn ín báyìí. Ẹsẹ̀ mi ti ń yá díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́nà mọ́.