Àlejò Béèrè Omi

Mo rántí òórùn obì tútù tó máa ń gba ojú fèrèsé wọlé bá wa ní ilé kéwú wa ní Ṣàgámù, láyé ìgbà tí kásẹ́ẹ̀tì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbòde. A ti dé Ìdádì, ìpele kejì nínú ẹ̀kọ́ Lárúbáwá, nígbà tí ọ̀gá wa, tí a ń pè ní Mùdíírì, gbé tépù kan dé, ó ní ìgbọ́ràn ló kù tí a ó kọ́. Ìgbọ́ràn wo? Ìranù! Òun fúnra rẹ̀ ò gbọ́ Lárúbáwá kọjá ti inú ìwé. Kásẹ́ẹ̀tì á sọ gbólóhùn kan, Mùdíírì á na ọwọ́ sókè, àwa á sì ké e padà lóhùn rara. Bí ẹni inú kásẹ́ẹ̀tì bá wúkọ́, àwa náà á wúkọ́. Ẹni tó bá béèrè ìtumọ̀, pàṣán ló máa dá a lóhùn. Èmi ni mo ń ké jù, òmùgọ̀ tó rò pé òun ti di Lárúbáwá.

A wá gbọ́ pé àlejò kan ń bọ̀ láti ilẹ̀ Lárúbáwá, tí yóò mú ẹnì kan péré nínú wa lọ kàwé lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́hùn-ún. Ìyá mi, tó ń ta obì, ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé èmi ni.

Ọ̀sán gangan ni àlejò dé, òógùn bò ó. Ó rẹ́rìn-ín sí wa, ó ní lédè Lárúbáwá pé òǹgbẹ ń gbẹ òun, ṣé òun lè rí omi mu. Omi o! Mùdíírì na ọwọ́ sókè. Ni gbogbo kíláàsì bá ké e: òǹgbẹ ń gbẹ mí, ṣé mo lè rí omi mu? Ọkùnrin náà fọwọ́ kan ọ̀fun, ó tún un sọ. Àwa náà tún un sọ, ohùn tèmi ló ròkè jù.

“Ẹ ò rí wọn bí?” Mùdíírì ń mi orí bí ọkọ ìyàwó.

Nígbà tó sú àlejò, ó dìde, ó lọ bu omi mu nínú àmù fúnra rẹ̀. Kò mú ẹnikẹ́ni. Bó ṣe ń wọ mọ́tò, ó sọ gbólóhùn kan fún Mùdíírì. Ọwọ́ tún lọ sókè, a sì ń ké e tayọ̀tayọ̀ títí mọ́tò fi lọ. Ìyá mi ò jáde síta fún ọjọ́ bíi mélòó kan.

Obì rẹ̀ náà ló padà rán mi lọ sókè òkun. Níbẹ̀ ni mo ti wá gbọ́ Lárúbáwá dáadáa. Lọ́jọ́ kan tí mò ń fọ abọ́, gbólóhùn tí àlejò sọ kẹ́yìn yẹn ṣàdédé jáde lẹ́nu mi, mo sì gbọ́ ọ fún ìgbà àkọ́kọ́: “O ti dí àwọn ọmọ yìí létí.”

Mùdíírì ti darúgbó báyìí, ó ṣì ń kọ́ni. Bí mo bá lọ kí i, á ní kí n sọ fún àwọn ọmọ tuntun ọ̀rọ̀ tí àlejò fi yin òun. Mo máa ń sọ ọ́ ketekete. Á sì na ọwọ́ sókè.