Kọ̀mpírẹ́sọ̀ Tí Mo Fi Ojú Yàn

Èmi Jíbọ́lá, káfíńtà Sapele Road ní ìlú Benin, ojú ni mo fi ń ra nǹkan. Bí nǹkan bá ṣáà ti tóbi, ó ti dára lójú mi nìyẹn. Ẹniọlá ìyàwó mi ní bí mo ṣe fẹ́ òun náà nìyẹn.

Màmá Títíloyè ní Oregbeni gbé iṣẹ́ gbogbo ilẹ̀kùn ilé tuntun wọn fún mi. Wọ́n ní bí ọ̀dà rẹ̀ bá dán, èmi ni n óò máa ṣe iṣẹ́ àwọn ilé wọn yòókù. Orí mi wú. Búrọ́ṣì kò lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, àfi kọ̀mpírẹ́sọ̀ tó ń fi afẹ́fẹ́ fọ́n ọ̀dà. Sùlè, káfíńtà òdìkejì títì, ní ọ̀kan tí kò ju ìkòkò ọbẹ̀ lọ. Mo ti fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí.

Nígbà tí mo dé ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta kọ̀mpírẹ́sọ̀, èyí tó tóbi jù ni mo nawọ́ sí. Ẹni tó ń tà á bi mí nípa jẹnẹrétọ̀ mi pé, "Oga, which kain gen you get?"

Inú bí mi. "Na gen I come buy?"

Ó gbowó lọ́wọ́ mi.

Nílé wa, a kì í tan ẹ̀rọ tuntun láìgbàdúrà sí i, nítorí náà n kò dán an wò. Mo pe pásítọ̀ àti ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá, mo ra mínírà. Wọ́n gbàdúrà títí ohùn fi há. Mo wá so ó mọ́ jẹnẹrétọ̀, mo tẹ bọ́tìnì rẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ mi wúkọ́, ó mí kanlẹ̀, ó kú. A tún un tàn, ó tún kú. Pásítọ̀ ní ká bá ẹ̀mí burúkú wí.

Ẹniọlá ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, jẹnẹrétọ̀ yìí ló kéré."

Ojú tì mí débi pé mo ṣe àmín.

Iná ìjọba kò wá, Màmá Títíloyè sì fẹ́ kó ẹrù wọ ilé wọn ní Sátidé. Ni mo bá kó ilẹ̀kùn sórí ọmọlanke, mo sọdá lọ bá Sùlè. Kò bú mi. Ìyẹn dùn mí ju èébú lọ.

"Ẹ gbé e síbẹ̀, ẹ̀gbọ́n," ló wí.

Kọ̀mpírẹ́sọ̀ rẹ̀ kékeré la fi fọ́n ọ̀dà náà, ó sì dán gbinrin. Ibẹ̀ ni Màmá Títíloyè ti bá wa. Inú wọn dùn, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, wọ́n wá yíjú sí Sùlè, wọ́n ní kó fún àwọn ní nọ́ńbà rẹ̀. Sùlè kò mọ nọ́ńbà ara rẹ̀ sórí. Èmi ni mo kà á fún wọn láti inú fóònù mi.