Làálì Ọwọ́ Màmá Lọ́jọ́ Ìbò

Ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé láyé mi ni ọjọ́ ìbò 1979. Mo sin ìyá àgbà mi lọ dìbò ní Ìsọlọ̀. Wọ́n ń fi íǹkì kun ìka ẹni tó bá ti dìbò, kó má baà tún un dì. Ṣùgbọ́n Màmá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé làálì fún ìgbéyàwó àǹtí mi, ìka rẹ̀ dúdú bí kóró iṣin.

Akọ̀wé ìbò wò ó. "Màmá, ẹ ti dìbò."

"Èmi kẹ̀? Ta ni mo dì í fún?"

"Àṣírí ni ìbò, Màmá. N kò lè mọ̀."

Màmá figbe ta. Bàbá onílé wa, tó ti dìbò lẹ́ẹ̀mejì, tó sì ti fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ íǹkì kúrò, ló ń bẹ̀ ẹ́: "Ẹ ṣe sùúrù, Ìyá. Ẹ̀ẹ̀kan tó ènìyàn." Ló bá wọlé lọ dìbò kẹta.

Láti ọjọ́ náà, bí ìbò bá ti ku ọ̀la, Màmá kì í lé làálì mọ́. Ọsàn wẹ́wẹ́ ló ń rà.