Ohùn Ẹ̀gbọ́n Mi

Ẹ̀gbọ́n mi fi ọdún kan péré jù mí lọ. Ohùn wa jọra débi pé ìyàwó rẹ̀ ti bú mi rí lórí fóònù, ó rò pé ọkọ òun lòun ń bá wí. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi kú n'Íbàdàn, ẹbí ní Màmá ò gbọdọ̀ gbọ́. Arúgbó tójú rẹ̀ ti fọ́, tó ń lo oògùn ọkàn, ta ló fẹ́ túfọ̀ fún wọn? Ẹbí bá sọ fún Màmá pé ẹ̀gbọ́n mi ti wá bá mi ní Toronto, wọ́n ní kí n máa ṣe ohùn rẹ̀.

Mo ṣe é fóṣù mẹ́ta. Màá wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì bíi tiẹ̀, màá kí Màmá, màá parọ́. Ẹ̀rù ń bà mí: tí mo bá ṣì í ṣe, tí ìyá mi bá torí ẹ̀ kú ńkọ́?

Lọ́jọ́ Tuesday kan, ní college tí mo ti ń kàwé ní Etobicoke, olùkọ́ wa ń sọ̀rọ̀ nípa ẹwà àti iṣẹ́ ọnà lójú àwọn Gíríìkì àtijọ́. Ó ní ọlọ́gbọ́n wọn kan sọ pé bẹ́ẹ̀dì tí káfíńtà kàn, òjìji bẹ́ẹ̀dì tòótọ́ tójú ò rí ni. Àwòrán bẹ́ẹ̀dì káfíńtà wá jẹ́ òjìji òjìji. Ọlọ́gbọ́n náà ò fẹ́ rí àwọn tó ń fara wé nǹkan nílùú tiẹ̀. Inú bí mi. Ṣé èmi ló ń bá wí ni? Mo nawọ́: tí ohun tí a ń fara wé ò bá sí mọ́ ńkọ́? Olùkọ́ ní akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ọlọ́gbọ́n yẹn kọ́ ò gbà fún ọ̀gá rẹ̀: ohun tó burú débi pé ojú ò lè wò ó, a lè wo àwòrán rẹ̀. Ìyẹn náà ò tù mí nínú.

Mo ń dúró de bọ́ọ̀sì nígbà tí Màmá pè.

"Ẹ̀gbọ́n ẹ dà? Gbé fóònù fún un."

Mo wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì. "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà."

Wọ́n béèrè òtútù, mo dáhùn. Wọ́n béèrè oúnjẹ, mo dáhùn. Wọ́n wá rọra pe oríkì.

"Mà!"

Yéè! Oríkì tèmi ni wọ́n pè, kì í ṣe ti ẹ̀gbọ́n mi.

Bọ́ọ̀sì dé, ó tún lọ.

"Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni mo ti mọ̀," Màmá sọ. "Ṣebí èmi ni mo bí yín? Ẹni ọmọ sin ló bímọ. Ẹ ò tiẹ̀ jẹ́ kí n sunkún ọmọ mi; abẹ́ aṣọ ni mo ti ń sun ún. Ó ti rẹ̀ mí."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Màmá ní: "Tún wúkọ́ yẹn."

Mo wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Màmá wá pe oríkì ẹ̀gbọ́n mi. Mo dáhùn.