Òǹgbẹ Tí Mo Pè Ní Ti Ààwẹ̀

Ọjọ́ kẹfà oṣù ààwẹ̀ ni. Mo lóṣòó lẹ́bàá gọ́tà, mò ń ṣe àlùwàlá ìrun Àìlá. Mo bu omi sẹ́nu láti fi fọ ẹnu, àfi bí ọ̀fun mi ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fa omi náà bí ẹni pé ẹlòmíràn ló ni ọ̀fun ọ̀hún. Mo yára tu ú dànù. Ẹ̀rù bà mí. Láti kékeré ni mo ti ń gbààwẹ̀, òǹgbẹ sì ti gbẹ mí rí, ṣùgbọ́n ara mi ò gbìyànjú láti jí omi mu mọ́ mi lójú rí. Mo ní, "Àúsùbílláhì!" mo sì fọwọ́ bo ẹnu.

Mo rò pé èṣù ni. Àìsàn ni. Ọjọ́ mẹ́tàlá gbáko ni mo fi bá a jà bí ẹni ń bá èṣù jà, ó sì kù díẹ̀ kí n kú. Ìdí tí mo fi ń kọ èyí nìyẹn, nítorí mo mọ̀ pé orí kunkun mi ò yàtọ̀ sí ti ọ̀pọ̀ nínú yín.

Lámídì ni wọ́n ń pè mí. Ìjẹ̀bú ni wọ́n ti bí mi, ṣùgbọ́n Ìsàlẹ̀ Gángan l'Ékòó ni mo ti ń jẹun, mò ń fi abẹ́rẹ́ àti òwú ṣe ọnà sí ọrùn agbádá. Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, òyìnbó ṣì ni ń ṣèjọba lé wa lórí, mo sì lé díẹ̀ lógójì ọdún. Mi ò sanra, mi ò mutí, mi ò fa sìgá. Ààwẹ̀ nìkan ni mo fi ń yangàn. Ibà pàápàá ò mú mi tú u rí. Ẹni tó bá ní ara òun ò yá lóṣù ààwẹ̀, èmi ni mo máa ń sọ fún un pé ọbẹ̀ ló ń pè é, kò sí àìsàn kankan.

Nítorí náà, bí òǹgbẹ yẹn ṣe ń le sí i, ìdánwò ni mo kà á sí. Ta ni òǹgbẹ kì í gbẹ lóṣù ààwẹ̀, nínú ooru Èkó? Ìtọ̀ ló yẹ kó kọ́kọ́ là mí lójú. Ẹni tí kò fi omi kan ẹnu láti ìdájí, níbo ló ti ń rí ìtọ̀ tó ń sáré lọ tọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kí Àìlá tó pé? Èmi ń rí i o. Ńṣe ló ń dà bí ẹ̀rọ omi ìgboro tí orí rẹ̀ ti bàjẹ́. Mo ní omi sààrì ni.

Lẹ́yìn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Òrùka bọ́ lọ́wọ́ mi sínú aṣọ tí mò ń rán, egungun èjìká mi yọ ṣóńṣó. Ìyá Onílé, arúgbó kan tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n onílé wa, tó ń gbé yàrá iwájú, wò mí láàárọ̀ ọjọ́ kan láti orí dé ẹsẹ̀. Ó ní, "Lámídì, ààwẹ̀ ń hàn lára rẹ. Bó ṣe yẹ kí Mùsùlùmí rí nìyẹn. Àwọn kan á máa sanra nínú ààwẹ̀, ojú ò ní tì wọ́n!" Inú mi dùn. Ẹ gbà mí! Èèyàn ń kú lọ, wọ́n ń yìn ín, inú rẹ̀ sì ń dùn.

Nígbà tó di ọjọ́ kejìlá, ojú mi ti ń ṣe bàìbàì. Tí mo bá fa òwú kan, méjì ni mo ń rí. Búráímọ̀, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń ṣiṣẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù kan, mú agbádá tí mo ṣe ọnà sí, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún, ó ní, "Lámídì, ṣé ejò lo fẹ́ kó sí ọkọ ìyàwó lọ́rùn ni?" Mo bú u dáadáa. Mo tú òwú náà, mo tún un ṣe, ó tún wọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí jù títí dòní ni ìṣínu. Àánú mi ń ṣe Sífáwù ìyàwó mi. Dàbínù ni ó fi ń dè mí, lẹ́yìn dàbínù ni àkàmù, ó sì ń da oyin sí àkàmù náà bí ẹni ń da omi. Lẹ́yìn oyin, ó tún ń sọ ṣúgà onígun sí i. Wọ́n kọ́ wa láti ilé kéú pé ìwòsàn wà nínú oyin. Ta ló máa wá bẹ̀rù oyin? Tí mo bá mu ún tán, ara á fúyẹ́ díẹ̀, àmọ́ kò ní pẹ́ tí òǹgbẹ á fi gorí òǹgbẹ. Mò ń bu omi inú àmù mu bí ẹni ń rọ omi sínú apẹ̀rẹ̀. Bí mo ṣe ń rù sí i ni Sífáwù ń fi oyin kún un.

Òun náà ló rí èèrà. Ó fẹ́ lọ da póò láàárọ̀, ló bá dúró, ó ní, "Bàbá Rámọ̀, ẹ wá wo nǹkan o." Èèrà ti tò láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí póò, wọ́n bo etí rẹ̀ dúdú.

Ó ní, "Kí ni èèrà ń wá nínú ìtọ̀?"

Mo ní, "Ìwọ ni o ò fọ póò dáadáa."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká lọ sí ọsibítù."

"Lóṣù ààwẹ̀? Kí wọ́n lè fún mi lóògùn gbé mì lọ́sàn-án gangan?" Mo jágbe mọ́ ọn débi pé àwọn ará ilé yọjú. Ó gbé póò, ó lọ. Tí ẹ bá gbàgbé gbogbo ọ̀rọ̀ mi yòókù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé èèrà yẹn. Ìtọ̀ tí èèrà bá ń wọ́ tọ̀, ṣúgà wà nínú rẹ̀.

Ọjọ́ kọkàndínlógún ni inú rírun gbé mi dìde. Mo bì lẹ́ẹ̀mejì, mo sì tún lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Mò ń mí kíkankíkan bí ẹni tó sáré gun àtẹ̀gùn, bẹ́ẹ̀ orí ìjókòó ni mo wà. Búráímọ̀ sún mọ́ mi, ó ní ẹnu mi ń rùn bí ọ̀pẹ òyìnbó tó ti kẹ̀. Ó ní, "Tú ààwẹ̀ yìí, Lámídì. Ojú rẹ ò dáa." Mo ní ó ku wákàtí mẹ́ta péré. Ó ní, "Ọlọ́run ò ní kí o para rẹ." Mo ní kó fi mí sílẹ̀. Ibi tí mo mọ̀ mọ nìyẹn. Agbádá tó wà lórí itan mi ni mo dojú bolẹ̀ lé.

Ẹnu Sífáwù ni mo ti gbọ́ èyí tó kù. Búráímọ̀ ránṣẹ́ pè é, ó sì sáré dé pẹ̀lú ìgò oyin lọ́wọ́, nítorí ó rò pé ebi ló dá mi dùbúlẹ̀. Ó ti fẹ́ fi ṣíbí ki oyin bọ̀ mí lẹ́nu kí Búráímọ̀ tó gbá a dànù. Búráímọ̀ náà ò mọ nǹkan kan nípa ṣúgà o; ẹ̀rù pé oyin lè há mi lọ́nà ọ̀fun ló bà á. Ó tọ̀nà. Ẹni tó bá dákú, ẹ má ki nǹkan kan bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Wọ́n gbé mi sínú takisí, ó di ọsibítù.

Orí bẹ́ǹṣì tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni Sífáwù jókòó sí láti ìgbà ìrun Àlàásárì. Ó ní èrò pọ̀ níbẹ̀. Tí ilẹ̀kùn bá ti dún, gbogbo wọn á dìde, tí kì í bá ṣe orúkọ wọn, wọ́n á tún jókòó. Omi ẹ̀rọ ló fi ṣínu. Bó ṣe mu omi yẹn tán ló rántí èèrà. Ojú ń tì í láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n ó lọ bá sístà tó wà lójú iṣẹ́, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ìtọ̀ ọkọ mi, èèrà ń bò ó." Sístà ò dúró gbọ́ ìyókù. Ó sáré wọlé tọ dókítà lọ.

Ọjọ́ kẹta ni mo lajú. Omi ń kán láti inú ìgò kan, ó ń gba inú rọ́bà wọ apá mi. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n ti pe ìrun Màgàríbì. Sístà rẹ́rìn-ín, Sífáwù bú sẹ́kún.

Dókítà náà, ọmọ Èkó, ará ilé àwọn Sàró, fi Yorùbá là á yé mi. Àtọ̀gbẹ ni. Ó ní oúnjẹ tí a ń jẹ máa ń di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀yà ara kan sì wà lẹ́yìn àpò oúnjẹ tó ń sun ohun kan tí wọ́n ń pè ní ínsúlínì. Ínsúlínì yìí ló ń ṣílẹ̀kùn fún ṣúgà láti wọ inú ẹran ara. Tèmi ti dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Ṣúgà wá kún inú ẹ̀jẹ̀ mi, ẹran ara mi sì ń pebi. Kíndìnrín ń da ṣúgà náà jáde pẹ̀lú ìtọ̀, ó ń wọ́ omi ara tẹ̀ lé e, ohun tó ń fa òǹgbẹ nìyẹn. Nígbà tí ẹran ara ò rí ṣúgà lò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jó ọ̀rá tó wà lára, oró tí ọ̀rá yẹn ń fi sílẹ̀ ló mú ẹnu mi rùn, òun ló mú mi bì, òun ló sì mú mi dákú.

Sístà fi hàn mí. Ó da oògùn búlúù kan sínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́, ó kán ìtọ̀ mi sí i, ó gbé e sórí iná. Búlúù náà di àwọ̀ ewé, ó di yẹ́lò, ó wá pọ́n bíi bíríkì. Ó ní ká ní ara mi le ni, búlúù ni yóò wà. Mo kàn ń wò ó ni. Inú mi ni nǹkan yẹn ti jáde!

Mo ní, "Dókítà, oyin ńkọ́?"

"Ẹ ń lá oyin?"

"Lójoojúmọ́."

Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún. Sífáwù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ní, "Èmi ni. Èmi ni mò ń fún wọn." Ó fi orí balẹ̀, ó ké. Mi ò tíì gbọ́ irú igbe bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí, kódà lọ́jọ́ tí a sin ìyá rẹ̀. Dókítà ní kó dìde, pé oyin kọ́ ló dá àìsàn náà sílẹ̀, epo ló kàn jẹ́ sí iná tó ti ń jó. Ó ní Sífáwù náà ló sọ ọ̀rọ̀ èèrà tó gbà mí là.

Ó wá ní kí n máa gba abẹ́rẹ́ ínsúlínì lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ títí ayé. Mo gbà. Ó ní mi ò gbọdọ̀ gbààwẹ̀ mọ́. Mo ní màá gbààwẹ̀ mi. Ó ní, "Bàbá Rámọ̀, ẹ máa kú." Kò gbóhùn sókè rárá.

Nígbà tí a délé, ibà líle la sọ fún gbogbo ará ilé. Èmi ni mo ní kí Sífáwù sọ bẹ́ẹ̀. Èmi Lámídì, kí wọ́n gbọ́ pé mò ń jẹun lóṣù ààwẹ̀? Ó ń se abẹ́rẹ́ nínú ìkòkò kékeré kan tí a yà sọ́tọ̀, ó gbé ìgò ínsúlínì sínú kọ́ọ̀bù, ó gbé kọ́ọ̀bù sínú ìkòkò amọ̀ tí iyanrìn tútù wà nínú rẹ̀, kí ooru má bà á jẹ́. Òun ló ń gún mi nítan kí ọwọ́ tèmi tó mọ̀ ọ́n gún.

Síbẹ̀, mo dán an wò. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè kan, mo gún abẹ́rẹ́, mo sì gbààwẹ̀ láìsọ fún Sífáwù. Kò tíì tó agogo mẹ́wàá tí òógùn tútù fi bò mí, ọwọ́ mi ń gbọ̀n, mò ń sọ̀rọ̀ kantankàntan. Ó rí mi, ó fi ṣúgà sí mi lẹ́nu nígbà tí mo ṣì lè gbé e mì, orí mi sì padà sípò. Ẹni tó bá ń gba abẹ́rẹ́ yìí tí kò jẹun, ṣúgà ara rẹ̀ á lọ sílẹ̀ jù, ìyẹn sì ń pani kíá. Sífáwù fa mí lọ sọ́dọ̀ Alfa àdúgbò wa. Alfa gbọ́ tán, ó ní, "Ọlọ́run tó pàṣẹ ààwẹ̀ ló yọ aláìsàn sílẹ̀. Ṣé ìwọ wá gbọ́n ju Ọlọ́run lọ ni?" Ó ní kí n máa bọ́ mìsíkínì kan, ìyẹn tálákà, fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí mi ò bá gbààwẹ̀.

Ààwẹ̀ ọdún kejì dé. Mo ti ilẹ̀kùn mọ́rí, mò ń jẹ ẹ̀wà lọ́sàn-án bí olè, omi ń dà lójú mi. Lọ́jọ́ kẹrin, òórùn ọbẹ̀ ta sí Ìyá Onílé nímú, ó sì ṣílẹ̀kùn láìkàn án.

"Lámídì! Ìwọ!"

Mo ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó." Ó ní òun ò jókòó. Mo bá sọ gbogbo rẹ̀ fún un níbi tó dúró sí, òǹgbẹ, ìtọ̀, rírù, ojú bàìbàì. Bí mo ṣe ń sọ ọ́, ìbínú ń kúrò lójú rẹ̀. Ó fa àpótí, ó jókòó.

Ó ní, "Tún ti òǹgbẹ yẹn sọ."

Mo tún un sọ.

"Téèyàn bá mumi tán, tí ọ̀fun ṣì gbẹ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

Ó wolẹ̀. "Láti oṣù Rajab ni, Lámídì. Mo ṣe bí ogbó ni. Egbò kan sì wà lẹ́sẹ̀ mi tó kọ̀ tí kò jiná."

Oṣù méjì ni arúgbó yìí fi ń kú lọ lábẹ́ òrùlé kan náà pẹ̀lú ẹni tó mọ orúkọ ohun tó ń ṣe é, ẹni náà sì ti ilẹ̀kùn mọ́rí nítorí ìtìjú. Mo gbé àwo ẹ̀wà sílẹ̀. Sífáwù ti ń wá gèlè.

Ní ọsibítù, ìtọ̀ Ìyá náà pọ́n bíi bíríkì. Wọ́n gé ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ méjì. Bóyá ká ní mo tètè sọ̀rọ̀ ni, wọn ì bá má gé wọn. Ó yè, ó sì pẹ́ láyé lẹ́yìn rẹ̀, kò sì sọ̀rọ̀ ìka méjèèjì sí mi rí.

Ara mi tí mo pè ní èṣù, òun ló ń pariwo kí n gba òun là, mi ò gbọ́. Síbẹ̀ kò fi mí sílẹ̀. Mò ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mò ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Sífáwù, mò ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó dá èmi àti Ìyá Onílé sí. Láti ọjọ́ tí a mú Ìyá ti ọsibítù dé, ẹnu ọ̀nà gbangba ni mo ti ń jẹun lóṣù ààwẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ bú mi, kó wá bú mi. Kó kọ́kọ́ jókòó, kí n bi í bóyá òǹgbẹ ń gbẹ ẹ́.