Nígbà tí Ajẹke Jẹ Gbogbo Ike Ìlú

Mo gbé korobá omi kúrò nídìí ẹ̀rọ, ọwọ́ mi sì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọ inú. Kò sán, kò fọ́. Ńṣe ni ìka mi rì sínú rẹ̀ bí ẹni ti ìka bọ ìbẹ́pẹ tó ti rà, omi sì dà sí mi lẹ́sẹ̀. Nígbà tí mo fa ọwọ́ yọ, ohun funfun kan tó ń fà bí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tẹ̀lé e. Ó ń rùn bí èébì ọmọ ọwọ́ tó ti kan. Mo nù ún mọ́ ògiri, kò kúrò. Mo nù ún mọ́ ilẹ̀, iyanrìn bá a lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́.

Rọ́bà tó wà lára ọkọ mi ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn.

Ìtọ̀ ti há mọ́ ọkọ mi ṣáájú ìgbà náà. Ohun kan wú lábẹ́ àpò ìtọ̀ rẹ̀, bó ṣe máa ń wú fún àwọn ọkùnrin tó ti ń dàgbà, kò sì jẹ́ kí ìtọ̀ rọ́nà jáde. Ní ilé ìwòsàn, wọ́n ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ ojú nǹkan ọkùnrin rẹ̀, wọ́n so ọ̀rá mọ́ ọn nísàlẹ̀ kí ìtọ̀ máa dà sí i, wọ́n ní ká lọ máa retí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ. A ṣì ń retí ọjọ́ yẹn nígbà tí Ajẹke dé. Bí Ajẹke bá mú rọ́bà náà, ibẹ̀ ni yóò gbà wọ inú ọkọ mi. Bí a bá sì yọ rọ́bà, ìtọ̀ yóò há, yóò sì pa á. Láti àárọ̀ ọjọ́ tí korobá yẹn rà mọ́ mi lọ́wọ́, ohun tí mò ń bẹ̀rù kò ju èyí lọ.

Ajẹke kì í ṣe àìsàn tó ti ọ̀run wá. Èèyàn ló ṣe é. Ilé iṣẹ́ kan láàárín àwọn ilé iṣẹ́ Ìkẹjà ló kó o dé, kòkòrò tí ojú kò lè rí, tí àwọn onímọ̀ tún ẹ̀dá rẹ̀ ṣe kó lè máa jẹ àwọn ọ̀rá omi tó dí gọ́tà. Wọ́n dà á sí gọ́tà kan ní àdúgbò Ọgbà. Ọ̀rá tó ti wà níbẹ̀ látìgbà ìjọba ológun yọ́, omi ṣàn. A pàtẹ́wọ́. Kò sẹ́ni tó bèèrè ohun tí yóò máa jẹ nígbà tí ọ̀rá bá tán nínú gọ́tà.

Nígbà tó tán, ó jáde wá bá wa. Àwọn tánkì omi wó lórí òpó irin wọn bí ẹran tí wọ́n sè jù. Ara wáyà bó, ilé ń gbiná, títí wọ́n fi pa iná mànàmáná gbogbo ìlú. Ọkọ̀ kú sójú títì nítorí pé gbogbo rọ́bà inú ẹ́ńjìnnì ti di ikun. Bàtà rọ̀ mọ́ àtẹ́lẹsẹ̀. Èyí tó rí mi lára jù ni irun. Gbogbo obìnrin tó fi atáṣímẹ̀ńtì dirun jí, wọ́n rí i pé irun ti yọ́ sórí ìrọ̀rí, ó ń ṣàn wọ etí, ó ń kán sí ọmú. Ọ̀pọ̀ wa fá orí kodoro. Ọkùnrin oníwàásù kan wà ní ìkóríta wa tí eyín àtọwọ́dá rẹ̀ yọ́ mọ́ ọn lẹ́nu níbi tó ti ń wàásù. Ó gbé ìdajì mì, ó tu ìdajì sílẹ̀, ó sì ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Eṣinṣin bo èyí tó tu sílẹ̀ náà. Mo bì síbẹ̀.

Àwọn tó nílé lókè fẹsẹ̀ rìn lọ, àwọn kan forí lé Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn kan forí lé Èkìtì. Àwa ò lè lọ. Ẹni tí wọ́n so ọ̀rá ìtọ̀ mọ́ nítan kò lè rìn dé Ṣàngó Ọ̀tà.

Nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìntì, ọmọ Èkìtì, ń gbé inú ọgbà wa ní Agége. Ó ní rọ́bà ìtọ̀ mélòó kan tó tọ́jú sínú ìgò tó rọ sípíríìtì kún. Òun ló sọ fún mi pé kòkòrò náà kò fẹ́ ibi gbígbẹ, kò sì fẹ́ ọtí líle. Mo kó gbogbo ohun tí wọ́n fi ike ṣe kúrò ní yàrá wa, títí kan bọ́tìnnì ara aṣọ. Mo ń fi sípíríìtì nu rọ́bà ọkọ mi láràárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Nígbà tí sípíríìtì tán, mo lọ wá ògógóró.

Ọkọ mi gbé imú sókè. "Ìyá Ìbejì, kí ló ń rùn báyìí?"

"Ògógóró ni."

"Aúsùbílláhì! Lára èmi tí mo fẹ́ẹ́ lọ sí Mẹ́kà?"

"Ẹ máa fẹ́ẹ́ lọ ná. Ṣé mo ní kí ẹ mu ún ni?"

"Àwọn máláíkà á gbóòórùn rẹ̀ lára mi."

"Ẹ sọ fún wọn pé ìsàlẹ̀ ló mu ún, òkè ò mọ̀ sí i."

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín títí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọkọ mi náà rẹ́rìn-ín, ó wá mú ikùn rẹ̀ nítorí pé ẹ̀rín ń dùn ún níbi rọ́bà.

Ohun tó ń yà wá lẹ́nu ni pé Ajẹke kì í lọ tán. A ó fọ yàrá kan, a ó sá gbogbo ẹ̀ sóòrùn, yóò gbẹ ṣáká. Kò ní pẹ́ tí ikun yóò tún máa yọ níbẹ̀. Àwọn kan ní afẹ́fẹ́ ni. Àwọn kan ní ẹ̀ṣẹ̀ ẹni tó ń gbé yàrá náà ni.

Màmá onílé wa jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú, àgbà obìnrin tí kì í dá oúnjẹ jẹ. Nínú ilé wọn, abọ́ kì í padà lófìfo. Bí wọ́n bá fi abọ́ gbé èkuru fún ọ, wàá fọ abọ́ náà, wàá fi nǹkan sínú rẹ̀ kó o tó dá a padà, ì báà ṣe ẹ̀kúnwọ́ gààrí tàbí iyọ̀. Nígbà tí ebi dé, a di àṣà yìí mú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, torí ó ń jẹ́ kó dà bíi pé èèyàn ṣì ni wá. Àwo tánńganran ti di ohun tí a fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ tipẹ́, a ti kó o dànù kí Ajẹke tó dé. Ìdí nìyí tí kálukú fi fi abọ́ ike kan tàbí méjì pamọ́, èyí tí Ajẹke kò tíì jẹ, tàbí tí a rò pé kò tíì jẹ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo lọ wá eegun ní ilé ìpẹran Oko Ọba, níbi tí wọ́n ti ń fẹsẹ̀ da màlúù wọlé bíi ti ayé àtijọ́. Nígbà tí mo dé, abọ́ búlúù kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní ọkọ mi, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ọ̀rá ìtọ̀.

"Ta ló gbé ike wọ yàrá yìí?"

"Màmá ni. Wọ́n gbé èkuru wá. Ṣé kí n lé àgbà padà ni?"

Mo dojú abọ́ náà dé. Ìdí rẹ̀ ń fà mọ́ ìka.

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀rá ìtọ̀ là. Ìtọ̀ àti ikun dàpọ̀ lórí ẹní, ó gbóná, ó funfun, ó ń hó wúyẹ́wúyẹ́. Ọkọ mi dijú, kò fẹ́ wò mí. Mo fi ọwọ́ gbá a jọ nítorí pé kò sí ohun mìíràn tí mo lè fi gbá a. Mo bì, mo tún gbá èyí tí mo bì. Mo fi òwú so rọ́bà pinpin lókè ibi tó ti ń rọ̀, mo ké sí nọ́ọ̀sì. Ó fa rọ́bà náà yọ, ó ki òmíràn bọ ọ́, ó sì ti ìdí rẹ̀ bọ ìgò kí ìtọ̀ máa dà sí i. Orí rọ́bà tó fà yọ kò tíì rọ̀. Díẹ̀ ló kù kó dé ibẹ̀.

Nọ́ọ̀sì nu ọwọ́ rẹ̀. "Èyí ló kẹ́yìn nínú ìgò. Bí èyí bá bàjẹ́, má pè mí mọ́, pe àáfà."

Mo fi igi méjì gbé abọ́ búlúù náà lọ bá Màmá onílé.

"Kí ló dé tó o fi igi gbé abọ́ mi bí ẹni gbé òkú eku?"

"Ẹ má bínú, Mà. Ẹ wo ìdí rẹ̀."

"Àní o fẹ́ sọ pé mo fẹ́ pa ọkọ ẹ! Èkuru tí mo fọwọ́ ara mi lọ̀!"

Mo kúnlẹ̀. "Mi ò sọ bẹ́ẹ̀, Mà. Ibo ni abọ́ yìí dé kó tó dé ọ̀dọ̀ wa?"

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, ohùn wọn ṣì le. Ó ti ọ̀dọ̀ télọ̀ inú ọgbà wa wá pẹ̀lú gààrí. Kó tó dé ọ̀dọ̀ télọ̀, ó wà lọ́dọ̀ ìyá aláṣọ òkè, ìyẹn fi ata sínú rẹ̀. Kó tó débẹ̀, yàrá ẹ̀yìn. Gbogbo ẹnu ọ̀nà tí wọ́n dárúkọ ni Ajẹke ti padà dé. Wọ́n jókòó sórí àpótí.

"Èmi ni mo ń gbé e kiri."

"Gbogbo wa ni, Mà."

Wọ́n dìde, wọ́n bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ní kí kálukú kó abọ́ ike tó wà nísàlẹ̀ ibùsùn rẹ̀ jáde. Wọ́n dárúkọ ẹni tó ní èwo, torí wọ́n mọ gbogbo rẹ̀. Ọ̀pọ̀ jẹ́ abọ́ tí wọ́n pín níbi ìsìnkú, tí wọ́n tẹ àwòrán olóògbé sí lára. Ojú àwọn òkú náà ti ń yọ́, imú ọ̀kan ti ṣàn wọ àgbọ̀n rẹ̀. Mi ò lè wò ó pẹ́.

A kó wọn lọ sínú iná àwọn tó ń sun awọ ní Oko Ọba. Ọ̀kan nínú wọn figbe ta. "Ẹ̀yin ìyá yìí, ẹ fẹ́ kí pọ̀nmọ́ wa máa rùn ni?"

Màmá onílé dá a lóhùn. "Táyà lo fi ń sun ún fún mi látọjọ́ yìí, ṣé mo sọ̀rọ̀?"

Wọ́n jẹ́ ká dà á síná. Èéfín rẹ̀ dúdú, ó lẹ̀ mọ́ ọ̀nà ọ̀fun fún ọjọ́ díẹ̀.

Láti ìgbà náà, ewé ni a fi ń gbé oúnjẹ fún ara wa, ewé kì í sì í padà. Màmá onílé kò fẹ́ràn rẹ̀, wọ́n ní ó dà bí ẹni tó ń fún àlejò lóúnjẹ. Ṣùgbọ́n Ajẹke kò padà sí ọgbà wa mọ́. Àwọn àdúgbò mìíràn gbọ́, wọ́n sun tiwọn. Ọyẹ́ wá mú kí ìyókù gbẹ. Nígbà tó yá, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba so ọ̀rá tuntun mọ́ okùn, wọ́n jù ú sí gọ́tà, wọ́n wá fà á jáde lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Ó jáde pẹ̀lú ẹrẹ̀ àti ìdin, ṣùgbọ́n kò sí ibi tó ti rọ̀. Àwọn èèyàn jó lójú títì.

Èmi ò jó. Rọ́bà tó kẹ́yìn ṣì wà lára ọkọ mi, ó ti pọ́n, èépá ti bò ó lẹ́nu, n kò sì mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú.

Nígbà tí ilé ìwòsàn kan ṣí padà ní Ìkẹjà, a wà lára àwọn tó kọ́kọ́ débẹ̀. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Lẹ́yìn tí egbò rẹ̀ jinná díẹ̀, dókítà fa rọ́bà yọ, ó jù ú sínú abọ́ irin, ó ní bí bàbá kò bá lè tọ̀ fúnra rẹ̀, òun yóò tún ki òmíràn bọ ọ́. Ọkọ mi mu omi, ó rìn lọ, ó rìn bọ̀. Ó wá wọ ilé ìtọ̀, mo dúró sẹ́nu ọ̀nà.

Kò sí ìró kankan. Mo gbọ́ tó ń mí. Mo gbọ́ tó mí kanlẹ̀. Lẹ́yìn náà ìtọ̀ kán, ó kán, ó dà.

"Ìyá Ìbejì, ṣé ò ń gbọ́?"

"Mò ń gbọ́."

"Ó ń dùn mí o."

"Ẹ jẹ́ kó máa dùn yín. Ẹ má dá a dúró."

Ọmọbìnrin tó ń tọ́jú àwọn aláìsàn gbé abọ́ irin náà kọjá níwájú mi, ó bi mí bóyá kí òun da rọ́bà yẹn nù sí gọ́tà. Òórùn rẹ̀ gba imú mi.

Mo ní, "Rárá o. Ẹ sun ún."

Mo sì bá a lọ sẹ́yìn ilé lọ wo bó ṣe ń jó.