Ọ̀sẹ̀ Márùn-ún Tí Kàsìmáwò Fi Kúrò Nínú Oòrùn

Ọdún mọ́kànlélógún ni Kàsìmáwò ti ń fi orí ru sìmẹ́ńtì ní Parakou, ní orílẹ̀-èdè Benin, kó tó di pé ara kọ̀ fún un. Ọmọ Ṣábẹ̀ ni. Nígbà tó kọ́kọ́ dé, ó máa ń bì lọ́sàn-án, orí a máa fọ́ ọ, òógùn rẹ̀ a sì gbẹ sára aṣọ bí iyọ̀ funfun. Àwọn alábàárù tó bá lẹ́nu iṣẹ́ ní kó má bẹ̀rù, pé kò ní ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí ara á fi mọ oòrùn. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, kó tó ru àpò mẹ́ta, òógùn á ti bò ó láti orí dé ẹsẹ̀, iyọ̀ inú rẹ̀ kò sì pọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Láti ìgbà náà, òun àti ẹni márùn-ún lè já ẹrù ọkọ̀ ńlá kan tán kí oòrùn tó dé àtàrí.

Ní ìparí oṣù kejì ọdún yìí, Àbẹ̀ní ìyàwó rẹ̀ kú. Ibà ni wọ́n pè é. Ọjọ́ mẹ́rin péré ló fi dùbúlẹ̀ nínú ilé wọn ní àdúgbò Titirou ní Parakou. Wọ́n gbé e lọ sin ní Ṣábẹ̀, Kàsìmáwò sì bá wọn lọ. Wọ́n gbé oúnjẹ fún un, ó jẹ ẹ́. Nígbà tí wọn ò gbé e wá, kò béèrè. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló fi wà nínú yàrá tútù kan tí bàbá rẹ̀ fi amọ̀ kọ́, tó ń wo òrùlé. Ẹni tó bá bi í pé báwo ni nǹkan, á ní kò sí nǹkan kan tó ń ṣe òun. Òótọ́ ló sì ń sọ. Gbogbo inú rẹ̀ ti kú bí ẹsẹ̀ tí èèyàn jókòó lé fún ìgbà pípẹ́.

Ọjọ́ Ajé kan nínú oṣù kẹrin ló padà sẹ́nu iṣẹ́ ní Albarika, àdúgbò tí wọ́n ti ń já sìmẹ́ńtì ní Parakou. Nàjíbù, olórí àwọn alábàárù, ọmọ Ìlọrin tó ti pẹ́ ní Parakou, dì mọ́ ọn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àráfẹ́rakù. Ẹ jókòó síbi òjìji lónìí ná, ẹ máa wò wá."

"Kí ni mo fẹ́ wò? Gbé àpò lé mi lórí."

"Ẹ ti pẹ́ nílé o. Oòrùn oṣù yìí kì í ṣe eré."

"Oòrùn yìí náà ni mo bá níbí."

Nàjíbù kò lè bá ẹni tó jù ú lọ jiyàn. Ó gbé àpò lé e lórí.

Ó ru àpò náà bó ṣe máa ń rù ú. Nígbà tó fi máa di aago mẹ́wàá, iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń fà, ọkàn rẹ̀ sì ń lù kì-kì-kì. Ó ń gbọ́ ọ bí ẹni tó ń gbọ́ odó aládùúgbò. Àwọn yòókù ń dúró mu omi, òun kò dúró. Ẹnu rẹ̀ gbẹ bíi páálí, ṣùgbọ́n ó dà bí ẹni pé ẹlòmíràn ni òùngbẹ náà ń gbẹ.

Nàjíbù ló kọ́kọ́ rí i pé kò làágùn mọ́. Eruku sìmẹ́ńtì tó dà sí i lọ́rùn jókòó síbẹ̀ ní gbígbẹ. Kàsìmáwò sọ àpò kalẹ̀ sáàárín ọ̀nà, ó kọjú sí ògiri.

"Sọ fún Àbẹ̀ní kó má dá gbé ìkòkò náà."

"Ẹ̀gbọ́n, ta lẹ ń bá sọ̀rọ̀?"

Kàsìmáwò ṣubú lulẹ̀.

Ara rẹ̀ gbóná débi pé Nàjíbù fa ọwọ́ sẹ́yìn. Wọ́n gbé e lọ sábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n ya aṣọ rẹ̀, wọ́n da gbogbo omi mímu wọn lé e lórí. Obìnrin tó ń ta omi tútù ní òdìkejì títì gbé yìnyín rẹ̀ wá, wọ́n kó o sí i lábíyá àti lọ́rùn, ẹni méjì sì ń fi páálí fẹ́ ẹ. Ọ̀kan nínú wọn gbé ife sí i lẹ́nu.

"Má fún un mu!" Nàjíbù pariwo. "Kò mọ ibi tó wà, á pá a lórí."

Nígbà tí wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn, ooru ara rẹ̀ ṣì lé ní ogójì lórí tẹmómítà. Ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ló tó mọ ẹni tó wà níwájú rẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan ni, Màrwá lorúkọ rẹ̀.

"Bàbá, ìgbà wo lẹ ṣiṣẹ́ nínú oòrùn kẹ́yìn kí ẹ tó ṣe tòní?"

"Ó tó ọ̀sẹ̀ márùn-ún."

"Ara yín ti gbàgbé. Iṣẹ́ agbára ń dá ooru sílẹ̀ nínú iṣan. Ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé ooru náà wá sí awọ ara, òógùn ló sì ń tù ú. Ẹni tó ń wà nínú oòrùn lójoojúmọ́, òógùn rẹ̀ tètè ń jáde, ọkàn rẹ̀ kì í sì í sáré jù. Tó bá ti tó oṣù kan tó ti kúrò níbẹ̀, ó ti di àlejò. Ẹ máa tún un bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ni." Ó wò ó lójú. "Ẹ ò mọ̀ pé ó ti ń rẹ̀ yín?"

"Mo mọ̀."

"Kí ló dé tẹ́ ò jókòó?"

"Kò jọ mí lójú ni," ó wí.

Màrwá rẹ aṣọ sínú omi, ó tún tẹ́ ẹ sí i láyà.

Ọjọ́ mẹ́rin ló lò níbẹ̀. Ìtọ̀ rẹ̀ dúdú bíi tíì fún ọjọ́ méjì kó tó mọ́. Lẹ́yìn ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Nàjíbù gbà á padà, ṣùgbọ́n àpò mẹ́wàá ló fún un lọ́jọ́ kìíní, láàárọ̀ kùtù. Lọ́jọ́ kejì, méjìlá. Bí wọ́n bá ti ń sinmi, Nàjíbù á gbé ife omi síwájú rẹ̀.

"Òùngbẹ ò gbẹ mí."

"Mi ò bi yín, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ mu ún."

Á mu ún.

Nínú oṣù karùn-ún, Sùlè, alábàárù kan tí ibà ti dá dùbúlẹ̀ fún bí oṣù kan, padà dé. Ó ti gbé àpò kan sórí kí ẹnikẹ́ni tó kí i. Kàsìmáwò rìn lọ bá a, ó gbé àpò náà kúrò lórí rẹ̀, ó ní kó lọ jókòó. Sùlè rẹ́rìn-ín, ó ní ara òun ti yá. Kàsìmáwò kò bá a rẹ́rìn-ín. Ó gbé àpò náà lé orí ara rẹ̀, ó sì rù ú wọlé.